TT-02 mi ní Àkúrẹ́: owó tó wọ gọ́tà àti owó tó ṣiṣẹ́

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ rìmóòtù dé òpin lẹ́yìn tí mo fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí ọkọ̀ ìṣeré onírìmóòtù mi yìí. Imú rẹ̀ yà sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ gba iwájú, ó fò kọjá etí kọnkéré, ó balẹ̀ sínú gọ́tà iwájú ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ń wò ó pariwo, "Bọ̀dá, ó ti lọ o!" Ó ti lọ lóòótọ́. Apá tó di táyà iwájú kan mú ṣẹ́, bọ́dì ya, bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún wà nínú omi ẹrẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ náwó sí. Òun ló sì yẹ kí n rà kẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ yẹ kí n rà á rárá.

Tamiya TT-02 ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ìlú Shizuoka ní Japan ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà, ọdún 2013 ni wọ́n gbé irú rẹ̀ jáde. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì l'Ọ́jà Ọba nígbà Kérésì, tí ẹ kàn máa ki bátìrì sí tí ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wà. Ẹyọ ẹyọ ló wà nínú páálí: ṣáàsí oníke, àpò síkúrù, jíà, táyà, àti ìwé àwòrán tó ń júwe bí ẹ ó ṣe tò ó. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, ọ̀pá kan tó gba àárín ṣáàsí kọjá ló ń gbé agbára lọ síwájú. Wọ́n bo jíà rẹ̀ pa sínú àpótí, nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe yàn án. Ẹni tó bá mọ eruku Àkúrẹ́ nígbà ọyẹ́ kò ní bi mí ní ìdí.

Ẹ jẹ́ kí n là á níbí: ohun oníná tó ń yí nínú rẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ni màá máa pè é. Tí mo bá ní "mọ́tò," ọkọ̀ lẹ máa rò.

Ẹ́ńjìnnì 540 ló bá a wá, ó ní kábọ̀n nínú bíi ti bílẹ́ńdà. Kò yára púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà á tí mo fi sọ pé ó ti sú mi, ni mo bá ra brushless 13.5T, ẹ́ńjìnnì tí kò ní kábọ̀n tó sì ń yára jù ú lọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀. Eré ni mo rà, mi ò ra ohun tí yóò gbé eré náà dúró. Táyà inú páálí le, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò ní epo, òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lójú títì ti tó láti gbé ìdí ọkọ̀ náà fò. Ẹ fi iná tó pọ̀ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, gọ́tà ló ń lọ.

Mi ò tíì gbọ́n. Lẹ́yìn tí mo tún apá tó ṣẹ́ ṣe, mo ní bóyá jíà ló ń dá a dúró. Nínú páálí, spur, ìyẹn jíà ńlá, ní eyín 70, pinion, jíà kékeré tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, ní 22, jíà inú sì tún ń sọ ọ́ di ìlọ́po 2.6. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹ́ńjìnnì á yí ní ìgbà 8.27 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Mo fi pinion tí eyín rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i kí ó lè sáré sí i. Wọ́n ti gbẹ́ ihò síkúrù ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye eyín, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú díwọ̀n. Mo ki síkúrù bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Eyín kan fẹnu kan eyín kejì lásán. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, ó ń ké bí ẹni tó ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò, kò sì lọ síbì kankan. Nígbà tí mo ṣí i, spur ti di kọ́bọ́ tí kò ní eyín. Ẹ̀bi mi ni, ó wà nínú ìwé àwòrán kedere.

Ìgbà yẹn ni mo dá ẹ́ńjìnnì inú páálí padà sí àyè rẹ̀, mo ní kí n tún ìyókù ṣe ná.

Bẹ́rìn ló kọ́kọ́ ṣí mi lójú. Búṣì oníke ló bá a wá. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ eruku ń jẹ wọ́n, ihò wọn á fẹ̀, táyà á wá máa mì lórí ọ̀pá rẹ̀. Bẹ́rìn mẹ́rìndínlógún ló ń gbà, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn: mìlímítà 11 ní fífẹ̀, ihò 5, ìnípọn 4. Gbogbo owó wọn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo san lórí brushless. Kí n tó dá ẹ́ńjìnnì padà sí i, mo fi ìka ta táyà ẹ̀yìn wò. Nígbà tó ṣì wà lórí búṣì, ó yí díẹ̀, ó dúró gbọn-in bí ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé. Nígbà tí bẹ́rìn wọlé, mo ta á, mo na ọwọ́ gbé ife omi, ife kò tíì kan ẹnu mi tó ṣì ń yí. Èyí tó ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ rà o, nítorí eruku.

Ẹ wá gbọ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Èyí tó wà nínú páálí, sípíríǹgì lásán lórí ọ̀pá ni, bí ẹ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ náà ló ń fò padà. Mo ra oríṣi tó ń gba epo, CVA ni wọ́n ń pè é. Oníke náà ni, kò dán, kò láwọ̀ búlúù, ó sì dára gan-an. Alẹ́ ni mo tò ó, wọ́n ti mú iná lọ, ìyàwó mi ló ń bá mi tan iná fóònù sí i. Ẹ ó da epo sílíkónì sí i dé ẹnu, ẹ ó rọra máa fa ọ̀pá rẹ̀ sókè sódò. Afẹ́fẹ́ á máa ru sókè wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí ògì bá fẹ́ hó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ẹni tó bá yára dé e pa, afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀ á máa dún "fín-ín, fín-ín" ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, ṣọ́ọ̀kì kan á sì le ju èkejì lọ. Mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ró sínú ife, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, ojú epo ti dán bíi dígí. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í lè dúró kí ìrẹsì jinná."

Epo 400 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bó ṣe ki tó) ni mo lò síwájú sẹ́yìn. Sípíríǹgì àwọ̀ yẹ́lò wà níwájú, pupa tó rọ̀ jù wà lẹ́yìn, torí ìdí ọkọ̀ ni mo fẹ́ kó di ilẹ̀ mú. Mo gbìyànjú búlúù tó le jù lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ náà ń tà bíi tata. Àwọn tó ń sá a lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí pápá tó jọ̀lọ̀ ń jẹ́ kí ṣáàsí wọn fi bíi mìlímítà 5 jìnnà sílẹ̀. Ẹ má dán ìyẹn wò níbí. Mìlímítà 9 ni mo fi tèmi sí, ikùn rẹ̀ ṣì ń ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Táyà: mo ra èyí tí ara rẹ̀ rọ̀, tó ní fóòmù nínú. Ríìmù tó ní ihò igun mẹ́fà oní mìlímítà 12 ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ fi súpà gúlù lẹ táyà mọ́ ríìmù yí ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ríìmù á máa yí, táyà á dúró. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibi tí gúlù máa kàn. Ṣáájú eré kọ̀ọ̀kan, mò ń fi àkísà tútù nu eruku ara táyà. Bó ṣe kéré tó yẹn, ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Nínú dífú, ìyẹn jíà tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì lè yí ní eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo di gírísì tó nípọn bí oyin àtijọ́ sí ti iwájú, èyí tó rọ̀ sì wà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń jáde ní kọ́nà báyìí, ṣe ni iwájú rẹ̀ ń fà á lọ.

Ọ̀rọ̀ aláyínmẹ́ǹtì, ohun tí mẹkáníìkì ń ṣe fún ọkọ̀ ńlá náà ni. Bó ṣe wà nínú páálí, apá òkè kò ṣeé fà gùn, ẹ ní láti ra èyí tó ṣeé yí. Mo jẹ́ kí orí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ sínú ní bíi digíríì kan àbọ̀. Imú táyà iwájú ṣí síta díẹ̀, kò tó digíríì kan, imú ti ẹ̀yìn kọ sínú bíi méjì. Ti ẹ̀yìn yìí ló mú kí ọkọ̀ náà máa lọ tààrà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, mi ò sì mọ̀ pé ohun tó kéré báyẹn lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn ẹ̀yà àlùmíníọ̀mù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà fún un, torí mo mọ̀ pé ojú á wọ̀ ọ́. Èmi náà ra apá àlùmíníọ̀mù méjì fún iwájú. Wọ́n rẹwà débi pé mo gbé ọkọ̀ náà sórí tẹlifíṣọ̀n fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta ó kọlu búlọ́ọ̀kù. Apá oníke ì bá tẹ̀, kó padà, tàbí kó ṣẹ́, kí n pààrọ̀ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Èyí kò ṣẹ́. Ibi tí síkúrù ti mú un mọ́ ṣáàsí ló fà ya. Aṣọ ńlá kọ́ ní ń jẹ́ ènìyàn ńlá. Àlùmíníọ̀mù kan ṣoṣo tí mo ṣì fẹ́ràn ni ti sítíárìn, èyí tó ní bẹ́rìn nínú: ó pa mímì tó wà nínú rẹ̀ run. Mo tún pààrọ̀ servo saver, ohun tó ń gba ìkọlù dúró fún ẹ̀rọ tó ń yí sítíárìn, sí èyí tó le, ọkọ̀ wá ń gbọ́rọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti síkúrù-dírẹ́fà. Lójú, sítá ni ẹnu síkúrù wọn, sítá sì ni ti mẹkáníìkì, àmọ́ irú sítá tí àwọn ará Japan ń lò, JIS, yàtọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá fi tiwa tì í, á máa yọ, á jẹ ẹnu síkúrù títí á fi di ihò róbótó. Mo fi ọbẹ gígé kan, súpà gúlù àti èpè yọ mẹ́ta kí n tó ra JIS ẹyọ kan. Owó rẹ̀ kéré. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí páálí gan-an tó dé.

Bátìrì mi àkọ́kọ́, èyí tó wọ gọ́tà, ẹnì kan ló tà á fún mi láti Èkó. 5000 mAh, ìyẹn iye iná tó lè gbà, ni wọ́n kọ sí i lára, kò gba ju 3100 lọ nígbà tí mo fi ṣájà wọ̀n ọ́n. Mo ti ra òmíràn. LiPo, bátìrì oní lítíọ̀mù, alápá méjì ni: 7.4V ni wọ́n ń pè é, 8.4V ni tó bá kún. Ẹ má jẹ́ kí apá kan lọ sílẹ̀ ju 3V, tó bá sì máa pẹ́ kí ẹ tó lò ó, 3.8V ni kí ẹ fi apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sí. Inú ìkòkò amọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ni mo ti ń ṣáàjì tèmi, mi ò sì ń kúrò nítòsí. Ẹ ra ṣájà tó lè gba 12V: tí kò bá sí iná, mò ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo ń fi ṣájà mú orí bátìrì ọkọ̀ ńlá. Ẹnu wáyà tó bá a wá ń gbóná, ọmọ tó ń tún fóònù ṣe l'Árákàlẹ́ ló bá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu wáyà mìíràn, XT60, mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé dróònù lẹ fẹ́ fò ni?" Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò gba owó, ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà wá kó wà á.

Bọ́dì náà, ẹ má ra ọ̀dà mọ́tò fún un bíi tèmi. Ike polycarbonate ni, inú ni wọ́n ti ń kùn ún, pẹ̀lú ọ̀dà tirẹ̀. Ọ̀dà mọ́tò tí mo fi kun àkọ́kọ́ bó bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn tó ń ṣe POP ní téèpù oníhò wẹ́wẹ́ kan, mo fi gúlù rọ́bà lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú igun bọ́dì kejì. Láti ìgbà náà, kò tíì ya.

Ojú títì tuntun kan lápá Ọba-Ilé ni mo ti ń sá a, ní àárọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ tó pọ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni àmì mi, ogún ìṣísẹ̀ ní gígùn, mẹ́jọ ní fífẹ̀. Bó ṣe jáde nínú páálí, ìyípo márùn-ún gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 52. Pẹ̀lú brushless lórí táyà àti ṣọ́ọ̀kì páálí, 55, torí ẹ̀ẹ̀mejì ló yí gbirigbiri. Ní báyìí tí ẹ́ńjìnnì páálí náà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́rìn, epo ṣọ́ọ̀kì, táyà àti aláyínmẹ́ǹtì, 44. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ aago, kò sì lójú àánú.

Tí ẹ bá ń gbé ibi tí títì rẹ̀ kò dáa rárá, ẹ má ra irú èyí, ẹ ra èyí tó ń rìn lórí iyẹ̀pẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹ́ náà, brushless 13.5T kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí mo fẹ́ tà, tòun ti ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀. Mo ti fọ ẹrẹ̀ gọ́tà kúrò lára rẹ̀.