"Loose ends" àti "at a loose end": wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Létí ọ̀sà l'Ẹ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ti di gbogbo ojú tó ya tán, àmọ́ orí òwú mẹ́ta ṣì rọ̀ dirodiro, kò tíì ta wọ́n ní kókó. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní loose ends gan-an nìyẹn: iṣẹ́ parí, ó ku wẹ́wẹ́. Ẹni tó sanwó ilẹ̀ tí kò tíì gba rìsíìtì náà ní in. Tiwa, "ó kù díẹ̀ káàtó", sún mọ́ ọn, àmọ́ ìyẹn máa ń bú iṣẹ́ díẹ̀.

At a loose end ńkọ́? Ẹni tí kò ríṣẹ́ kankan ṣe lọ́wọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ n'Ílùú Ọba nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà á ní at loose ends, ibẹ̀ ló ti máa ń rú mi lójú.