Ìró Fáyólìnì Àtijọ́: Ẹ̀rọ Àtijọ́, Àpótí Tuntun Tàbí Sọ́fítíwíà?

Ẹni tó ń wá ìró fáyólìnì tó kún inú orin àwọn ọdún 1970 kò wá fáyólìnì gan-an. Ìró ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ bíi dùùrù ló ń wá: ti Solina tí Eminent ṣe ní Netherlands, tí ARP sì tà ní Amẹ́ríkà, ti Rhapsody tí Elka ṣe ní Ítálì, tàbí ti RS-202 tí Roland ṣe. Lónìí, ẹ lè ra ẹ̀rọ àtijọ́ fúnra rẹ̀, ẹ lè ra àpótí tuntun tó ń sín in jẹ, ẹ sì lè fi sọ́fítíwíà sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti ra ẹ̀rọ àtijọ́ rí, mo sì ti tà á. Àpótí tuntun kan ló wà lórí tábìlì mi báyìí.

N kò ní ka iye kíì àti iye ohùn fún yín. Iṣẹ́ bọ́tìnì tí wọ́n kọ Ensemble sí lára ni kí ẹ fi dá wọn mọ̀. Orísun ìró 12 ni Solina ní fún ohùn tó ga jù. Ó ń pín wọn sí méjì léraléra láti rí ti ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo kíì fi lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ni ìró yẹn gbẹ, bíi ti fèrè oníke. Adùn dé nígbà tó bá gba ọ̀nà ìdádúró mẹ́ta kọjá, ìyẹn ọ̀nà tó ń jẹ́ kí ìró pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, lórí chip tí wọ́n ń pè ní bucket brigade, tí àwọn onímọ̀ Philips dá sílẹ̀ ní 1969. Ńṣe ni chip yìí ń gbé ìró bí àwọn tó tò láti etí odò dé ilé tó ń jó, tí wọ́n ń gba korobá omi lọ́wọ́ ara wọn. Ìgbì méjì, ọ̀kan lọ́ra, èkejì yára, ló ń yí ìyára korobá padà. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í rìn pọ̀, bí ọ̀kan ti ń gòkè ni òmíràn ń sọ̀ kalẹ̀. Etí á wá gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jókòó tí wọ́n ń ta fáyólìnì.

Ibẹ̀ gan-an ni owó mi ti wọgbó. Ẹni tó ta ẹ̀rọ àtijọ́ kan fún mi tẹ̀ ẹ́ lójú mi, ó dún, mo sì san owó gọbọi láìsọ pé kó pa Ensemble kó tún tàn án. Nígbà tí mo gbé e délé ni mo tó mọ̀ pé ọ̀nà kan ti kú: ìró náà ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ariwo bí epo tó ń ta nínú páànù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò ṣe irú chip tó wà nínú ẹ̀rọ náà mọ́. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ pààrọ̀ kapasítọ̀, kò mú nǹkan kan yí padà. Èkejì wá chip àlòkù fún oṣù mẹ́rin, èyí tó rí kò sì bá méjì tó kù dọ́gba. Owó àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Kíì mẹ́ta tí kò dún rárá ni kò yọ mí lẹ́nu, mo kàn nu wọ́n ni.

Nítorí náà, ẹ tẹ kíì kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò, ẹ pa Ensemble, ẹ tàn án, kí ẹ wá ka ení, èjì títí dé ogún. Ìró tó pé ń yí lọ láìní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lè máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé gbígbọ̀n rẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Àpótí tí mo ní ni Streichfett tí Waldorf gbé jáde ní 2014. Kò sí chip àtijọ́ nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń torí èyí bú u. Ó mọ́ jù lóòótọ́, kò sì ní kíì tirẹ̀, kíbọ́ọ̀dù mìíràn ni ẹ ó so mọ́ ọn kí ẹ tó lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ensemble rẹ̀ kò tíì ṣàìsàn rí.

Nínú sọ́fítíwíà, Solina V ti Arturia ń ṣe ìṣirò ìró fúnra rẹ̀. Virtual String Machine ti GForce ń lo ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ lára ẹ̀rọ àtijọ́. Bí wọ́n bá gba ìró sílẹ̀ pẹ̀lú Ensemble, kíì kọ̀ọ̀kan á máa gbé gbígbọ̀n tirẹ̀ bọ̀, wọn kò ní jùmọ̀ yí. Ẹ fetí sí èyí kí ẹ tó sanwó. Juno-60 ti Roland àti Polysix ti Korg, tí wọ́n jẹ́ kíbọ́ọ̀dù àtijọ́, dára, ṣùgbọ́n ohùn mẹ́fà péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó ta ẹ̀rọ àtijọ́ náà, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan dijú, mo sì ń tẹ ẹ̀rọ náà àti àpótí fún un. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ àtijọ́ ló mú. Nígbà tí ìlù àti báàsì wọlé, àpótí ló pè ní àtijọ́, lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta.

Ẹni tó ní oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ nítòsí lè ra ẹ̀rọ àtijọ́, kò ní rí ìró tó jù ú lọ. Sọ́fítíwíà tó fún ẹni tí kì í kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ tan nǹkan kó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́, kó ra àpótí. Ní ti ẹ̀rọ àtijọ́ mi, oníṣẹ́ kejì ló rà á. Òun mọ ohun tó ń rà.