Jíìpù kékeré tí ẹ fẹ́ rà: ti epo ni àbí ti iná?

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ létí mi báyìí, pàápàá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé Èkó àti Ìbàdàn: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ra RAV4 ni àbí kí n kúkú lọ síbi mọ́tò iná?" Mo ti wa méjèèjì. RAV4 2010, ti Toyota tó ń lo epo, ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Hyundai Kona Electric tòkunbọ̀, tó ń lo iná, ni mo ń wa báyìí, èyí tí bátìrì ẹ̀ ń gba yúnítì 64 (64 kWh). Torí náà mi ò ní máa ka agbára ẹ́ńjìnnì àti bí búùtù ṣe fẹ̀ tó fún yín, ẹ máa rí ìyẹn níbi gbogbo. Ohun tó máa jáde lápò yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ tán ni tèmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú owó ìrìn kúrò nílẹ̀. Kó tó di May 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan ò tó ₦200 l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ó ń gòkè ó ń sọ̀ látìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ₦900 ṣírò ẹ̀. RAV4 mi nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ máa ń mu tó lítà 11 sí 12 kó tó rin kìlómítà 100, ìyẹn ti ń lọ sí ₦10,000 nìyẹn. Kona ń jẹ bíi yúnítì 17 fún kìlómítà 100 kan náà, mo ti ka èyí tó ń ṣòfò lásìkò tó ń ṣájì mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá wà ní Band A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná jù, ní iye ₦209.5 tí wọ́n ta yúnítì kan ní July 2024, ká tún wá fi VAT lé e, kò tó ₦4,000. Tẹ́ ẹ bá tún há sórí Third Mainland lálẹ́, ti epo á máa jó lọ ni bí ò tiẹ̀ kúrò lójú kan, ti iná ò ní jẹ nǹkan kan àfi ti AC, ìyẹn ò sì ju yúnítì kan sí méjì lọ ní wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ wá délé wàyí, ibi tí ẹ ti máa ṣájì ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibẹ̀ lowó mi ti lọ, ẹni tó ta mọ́tò fún mi ò sì sọ ẹyọ kan nínú ẹ̀ fún mi. Ohun tó sọ ni pé "ẹ kàn máa tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ni, bíi fóònù." Ṣájà tó bá mọ́tò wá láti Amẹ́ríkà, 120 volt ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ fúnra ẹ̀. Iná tiwa 230 ni. Rẹ́wáyà tí mo pè ò wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó kàn gé ẹnu ẹ̀ ló wá fi píìnì mẹ́ta tiwa sí i, bó ṣe ti swíìṣì báyìí ló ta pọ̀ọ́, òórùn rọ́bà sì gba gbogbo gáréèjì. Ṣájà lọ, owó lọ.

Mo ra òmíràn tó ń gba 230. Ìyẹn náà délé, iná pupa ló ń tàn lórí ẹ̀, kò gbà láti ṣájì rárá. Àá yọ ọ́, àá tún tì í, pupa náà ni. Ilé àtijọ́ nilé wa, àwọn tó kọ́ ọ ò ri wáyà earth (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ fìríìjì àti fáànù ò ní bi yín nípa earth láéláé, ṣájà mọ́tò ló máa bi yín, tí ò bá sì rí i kò ní ṣiṣẹ́, ààbò ẹ̀mí yín ló sì ń ṣe yẹn o. Rẹ́wáyà mìíràn tó mọ iṣẹ́ ló wá gbà wá: ó gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó da èédú àti iyọ̀ sí i, ó kan ọ̀pá bàbà wọlẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ lókè, ó fa wáyà láti orí ẹ̀ wọlé. Iná ara ṣájà yí sí àwọ̀ ewé lọ́jọ́ yẹn.

Kò tíì tán o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 amp inú ilé ò ṣeé gbára lé fún iṣẹ́ yìí lálaalẹ́. Ojú ihò tèmi kọ́kọ́ dà bíi kọfí, lẹ́yìn náà ó yọ́ mọ́ píìnì. Àti pé lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, bátìrì 64 yẹn máa gbà ju odidi ọjọ́ kan lọ kó tó kún láti òfo. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ fi ṣájà ara ògiri sí i, èyí tó jẹ́ 7 kìlówáàtì, wáyà tó nípọn látinú àpótí bréékà tààrà, bréékà tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́nikẹ́ni má fi áyọ́ọ̀nù sójú kan náà. Pẹ̀lú ìyẹn, bíi wákàtí mẹ́wàá ló máa fi kún, ẹ sùn, ẹ jí, ó ti ṣetán.

Ti Band náà ńkọ́? Wákàtí 20 lójúmọ́ ni ìlànà sọ pé Band A gbọ́dọ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ti ìwé ṣe, ẹ bi àwọn aládùúgbò tó wà lórí tíráńsífọ́mà kan náà pẹ̀lú yín, ẹ sì bi wọ́n nípa agbára iná lálẹ́, torí àdúgbò wà tí iná máa ń wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ilé ti tan AC, gílóòbù á máa ṣe bàìbàì, mọ́tò ò ní ṣájì dáadáa níbẹ̀. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ fi máa ṣájì, ẹ má rà á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mu tó ìdajì lítà fún yúnítì kan, yúnítì 17 yẹn á gbà tó lítà mẹ́jọ lọ sókè, kí wá lẹ jèrè? Ẹni tó ń gbé ilé tí mẹ́ta mẹ́rin jọ ń lo mítà kan, tàbí tí lándílọ́ọ̀dù ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fa wáyà, ọ̀rọ̀ ti parí fún un lórí mọ́tò iná ná.

Ẹ tún wo ẹnu tí wọ́n ń ti ṣájà bọ̀. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, ti Yúróòpù yàtọ̀, ti Ṣáínà tún yàtọ̀, ibùdó ṣájì tó wà nítòsí yín lè má ní ẹnu tó bá tiyín mu. Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó.

Ẹ má rò pé ti epo ò ní wàhálà tiẹ̀ o. Ní February 2022 tí epo tí kẹ́míkà methanol pọ̀ nínú ẹ̀ wọ ìlú, tí NNPC fúnra wọn jáde sọ pé òkè òkun ló ti wá, fuel pump àti injector RAV4 mi wà lára ohun tó bá a lọ. Nígbà tí mẹkáníìkì tú táńkì, omi kan ló dá dúró sísàlẹ̀ tí epo wà lókè ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìlà ilé epo, ẹ mọ̀ ọ́n.

Mẹkáníìkì àti páàtì: RAV4 ló ni ibí yìí, kò sí àríyànjiyàn. Kò sí ohun tẹ́ ẹ wá lọ sí ọjà páàtì Ládípọ̀ l'Ékòó tẹ́ ò ní rí. Ti Kona, àwọn tó lè fọwọ́ kan iná inú ẹ̀ ò pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí panẹ́bítà kankan jó wẹ́dà sítòsí bátìrì ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí pílọ́ọ̀gì, kò sí gíá tó ń já. Bíréèkì náà ń pẹ́, torí mọ́tò fúnra ẹ̀ ló ń dá ara ẹ̀ dúró tẹ́ ẹ bá ti yọ ẹsẹ̀.

Bátìrì lohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, Hyundai kéde pé àwọn máa pààrọ̀ bátìrì mọ́tò iná tó tó 82,000 káàkiri ayé torí ewu pé wọ́n lè gbiná, Kona ló pọ̀ jù nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá rí Kona 2019 tàbí 2020 láti Amẹ́ríkà, ẹ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ máa rí i bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí wọn ò tíì ṣe é. Èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ ló dáa jù, bátìrì ẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí ju ara mọ́tò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sókè lórí jáàkì kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, torí èyí tó pọ̀ nínú tòkunbọ̀ wọ̀nyí ti ní jàǹbá rí, abẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni bátìrì tẹ́ pẹrẹsẹ sí. Tí irin ibẹ̀ bá ti wọnú, kódà kí kíkùn ẹ̀ máa dán, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Kójú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀.

Ìrìnàjò: Èkó sí Ìbàdàn, àlọ àtàbọ̀, 64 yẹn ń ṣe é láìṣájì. Àkúrẹ́ lọ sókè, ti epo ló ń fọkàn ẹni balẹ̀.

Tó bá dọjọ́ títà, RAV4 á tètè lọ. Kona á dúró de oníbàárà ẹ̀.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá rà? Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ń gbé e láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń gbé ilé àjùmọ̀lo mítà, RAV4 dáa fún un, mọ́tò gidi ni. Ẹni tó ní géètì tiẹ̀, mítà tiẹ̀, tí iná àdúgbò ẹ̀ sì ń wà ní tòótọ́, tí gbogbo ìrìn ẹ̀ ò ju ilé sí ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àti ọjà, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó ṣì máa tò lójú ilé epo. Ẹ kàn pe rẹ́wáyà tó mọ earth wá sílé kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó ń ta mọ́tò, kó wọn iná yín láago mẹ́jọ alẹ́, kó sọ iye tí iṣẹ́ ẹ̀ máa jẹ́, kẹ́ ẹ sì yọ owó yẹn sọ́tọ̀ nínú owó mọ́tò látìbẹ̀rẹ̀.