Áàpù tíkẹ́ẹ̀tì réluwé yìí, ẹ fura o

Ìràwọ̀ méjì péré ni mo fún wọn. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó ti kúrò ní báǹkì, àfi bí ọ̀gá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ṣe dé ọ̀dọ̀ mi báyìí ni áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí lójú fóònù, ó yí yí yí kò ṣí, gbogbo èèyàn ti ń wò mí bí olè. Ó ní ohun tóun ò bá rí, kò sí nìyẹn, ló bá kọ fáìnì fún mi. Kò jágbe mọ́ mi ṣá, ìyẹn ni ìràwọ̀ kan. Orúkọ àti àdírẹ́sì mi gangan ni mo fún un, torí irọ́ níbẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ fáìnì lásán di ti kóòtù.

Àwọn tó ń gba ẹ̀hónú lórí fáìnì ló bí mi nínú jù! Mo fi rìsíìtì ránṣẹ́, èsì tí wọ́n fún mi dà bíi pé wọn ò tiẹ̀ ka tèmi, ìgbà tí mo tún kọ̀wé sí wọn tí mo fi hàn wọ́n pé aago tí mo sanwó ṣáájú aago tí réluwé gbéra ni wọ́n tó fagi lé fáìnì náà. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ dáúnlóòdù tíkẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ tó wọ réluwé.