Prednisolone fún àìsàn Sweet: ó yá, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná

Nínú àwọn oògùn àìsàn Sweet, àìsàn tó ń mú awọ wú lójijì pẹ̀lú ibà àti ìrora, prednisolone ni mo fi sípò kìíní. Ọjọ́ díẹ̀ ni ibà àti ìrora fi ń rọlẹ̀, tí ibi tó wú lára awọ náà á sì máa tẹ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn kì í ràn án, torí kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń jẹ́ nútírófíìlì ló ya wọ inú awọ. Robert Douglas Sweet, dókítà awọ ní Plymouth, ló ṣàpèjúwe àìsàn náà ní 1964.

Yíyá yẹn gan-an ló ń tan ènìyàn. Bí ẹnì kan nínú márùn-ún tó ní in ni jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù, pàápàá leucémie aiguë myéloïde, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára le. Awọ á ti mọ́, jẹjẹrẹ á ṣì máa jà nínú ẹ̀jẹ̀. Kí hóró àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe NFS, àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Prednisolone fúnra rẹ̀ ń mú nútírófíìlì pọ̀ sí i. Bó bá ti wọ ara, èsì NFS á dàrú. Bí “blastes”, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gbó, bá hàn níbẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀ ni kíákíá.

Lára aláwọ̀ dúdú, wíwú náà kì í pọ́n tó. Ó máa ń dúdú bí aró, ó sì máa ń dà bí èyí tó gba omi, bẹ́ẹ̀ líle ni. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i: ojú abẹ àti abẹ́rẹ́ ni wíwú tuntun ti lè yọ.

Dókítà ló ń kọ ìwọ̀n rẹ̀, 0.5 sí 1 mg fún kílò kan lójúmọ́. Ẹni 60 kílò á lo 30 sí 60 mg láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá jẹ́ alẹ́, oorun ò ní kùn ún. Hóró 20 mg rọrùn níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ti 5 mg ló dára jù nígbà tí wọ́n bá ń dín in kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Èyí tó ń hó nínú omi ní iyọ̀. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣọ́ra. Bí ẹ bá yára dín in, àìsàn lè padà. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó ti dẹwọ́ iṣẹ́ lè mú kí ènìyàn dákú.

Fún àgbẹ̀ Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lóko, ẹ bi dókítà nípa ivermectine, oògùn aràn, ṣáájú. Aràn kékeré tó ń jẹ́ anguillule ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, prednisolone sì lè jẹ́ kó gba gbogbo ara. Ẹ máa wọn ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ibà bá tún dé lórí oògùn, ẹ má fi hóró kún un fúnra yín, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà: àkóràn lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.