Tekken 4 lórí PS2: ògiri, ilẹ̀ gbágungbàgun, àti ìdí tí mi ò fi pààrọ̀ rẹ̀

Tí ẹ bá wọ ilé géèmù ní Mushin tàbí Surulere, tí ẹ ní Tekken, géèmù ìjà ẹni méjì, lẹ fẹ́ jà, Tekken 7 tàbí Tekken 8 ni wọ́n máa gbé síwájú yín, bí ẹ̀rọ wọn bá ṣe tuntun tó. Tó bá jẹ́ PS2 ló wà nílẹ̀, Tekken 5 tàbí Tekken Tag ni. Tekken 4 máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú páálí sídì. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án kò yí padà láti ọjọ́ yìí wá: fífò rẹ̀ kò ga, ilẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú, Jin, ọ̀kan nínú àwọn oníjà inú rẹ̀, ti lágbára jù, Eddie, oníjà mìíràn, kò sí ńbẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ìkẹrin kì í ṣe òótọ́, màá dé orí ẹ̀. Síbẹ̀, òun ni mo fara mọ́ jù nínú gbogbo Tekken, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn yẹn gan-an, ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, ló sì wà lára ohun tó fà á.

Ọdún 2001 ni Namco gbé e jáde fún ẹ̀rọ ilé géèmù, ó dé PS2 ní 2002. Nígbà tí Tekken 5 dé PS2 ní 2005, wọ́n kó Tekken àkọ́kọ́, Tekken 2 àti Tekken 3 sínú sídì rẹ̀ bí èènì. Wọ́n fo Tekken 4. Ọ̀pọ̀ ọmọ géèmù ló ti ibẹ̀ gbà pé ọmọ tí bàbá ẹ̀ kọ̀ ni.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ rèé. Nínú Tekken 3, ẹ lè máa rìn sẹ́yìn títí, ilẹ̀ kì í tán. Tekken 4 ló kọ́kọ́ mọ ògiri yí ibi ìjà ká. Bí ẹ bá ń sá sẹ́yìn, ẹ̀yìn yín máa kan nǹkan, ìgbà tó bá sì kàn án ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: ara á gbá ògiri, ọwọ́ ìdáàbòbò á tú, ẹ̀ṣẹ́ tó kàn á wọlé láìsí ìdíwọ́. Àwọn òpó àti ère kan wà láàárín ibi ìjà tí ara èèyàn lè fọ́, nítorí náà ohun tí ẹ fi ṣe ààbò ní ráúǹdì àkọ́kọ́ lè má sí mọ́ ní ráúǹdì kejì. Wọ́n tún fi ìdìmú kan sí i tó jẹ́ pé kì í ṣe láti na èèyàn mọ́lẹ̀: ẹ máa gbá a mú, ẹ ó sì yí ipò padà, kí ẹni tó há mọ́ ògiri bọ́ síta, kí ẹni tó há a mọ́bẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́tìnì lásán kì í lò ó rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò ló máa ń gba ráúǹdì tí gbogbo ilé ti rò pé ó ti tán.

Ẹsẹ̀ yín sì ti lómìnira kí ráúǹdì tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ jà, ẹ ti lè rìn kúrò lẹ́bàá ògiri tàbí kí ẹ gba ibi tí ilẹ̀ ga. Tekken 5 mú ìyẹn kúrò, ó sì dùn mí, torí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni mo fi máa ń mọ̀ bóyá alátakò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó dúró síbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ ti rí i.

Ilẹ̀ gbágungbàgun ni wọ́n bú jù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní ẹ ti gbé alátakò sókè. Tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń gun òkè, ilẹ̀ á tètè gba ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kẹta tàbí ìkẹrin á gbá òfìfo. Tí ilẹ̀ bá ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ tí kì í wọlé nílẹ̀ títẹ́jú lè rí àyè. Nítorí náà, kónbò gígùn (ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ara wọn láìdáwọ́ dúró) tí ẹ há sórí fún Tekken 5 máa já yín kulẹ̀ níbí. Ẹ fi kónbò kúkúrú dípò rẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ tó ń gbé èèyàn sókè, ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí ẹ fi èyí tó ń ti èèyàn jìnnà parí ẹ̀, kí ó lè bá ògiri pàdé. Ẹ̀jẹ̀, ìyẹn agbára alátakò, tí kónbò náà bá gbà kò ju bó ti yẹ lọ. Ibi tó gbé e dé ni èrè.

Ẹ jẹ́ ká wo Kazuya, ọ̀kan nínú àwọn oníjà, nítòsí, torí òun ló fi bí géèmù yìí ṣe le hàn jù. Bí ẹ ṣe máa tẹ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Electric Wind God Fist nìyí: iwájú, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ pátápátá, ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà igun ìsàlẹ̀-iwájú àti △ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sọ "lẹ́ẹ̀kan náà" lásán. Àwòrán 60 ni géèmù yìí ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, inú àwòrán kan ṣoṣo sì ni igun àti △ gbọ́dọ̀ ti pàdé. Tó bá bọ́ sí i, iná á kọ mànà lára ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, kódà tí wọ́n bá dí i, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbéra. Tí △ bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ á ṣì jáde, ṣùgbọ́n láìsí iná. Alátakò tó bá dí irú èyí máa nà yín kí ọwọ́ yín tó padà wálé. Ìdí tó fi ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ni pé àtàǹpàkò òsì ti yí dé igun kí tọ̀tún tó gbéra. Ẹ má retí igun. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì dún bí ohun kan, "tá!", lórí pádì. Ẹ ṣe é ní Practice, ibi ìdánrawò inú géèmù, ní 10 lápá òsì, 10 lápá ọ̀tún, torí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lápá kan kì í sábà mọ̀ ọ́n lápá kejì. Tí kò bá tíì jáde tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú 10, ẹ má tíì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi owó ta.

Steve Fox, ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kì í ta ìpá: bọ́tìnì ẹsẹ̀ lẹ fi ń yẹ orí àti ara fún ẹ̀ṣẹ́. Ẹni tó ń wo bọ́kísìn máa tètè yé e. Marduk náà ibí ló ti wá, òun ló pa Armor King nínú ìtàn, ìdí nìyẹn tí King fi ń wá a kiri. Tí wọ́n bá ń fi ìdìmú da yín láàmú, ẹ rántí pé ìdìmú lásán ní ọwọ́ tó ń tú u: □ fún ọwọ́ òsì, △ fún ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó ń na jáde lẹ máa wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ní ti Eddie tí wọ́n ní kò sí, ó wà. Christie, oníjà mìíràn, ló gba ọwọ́ ìjà rẹ̀, Eddie wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣọ tí Christie ń wọ̀, ìjà kan náà ni àwọn méjèèjì ń jà. Bọ́tìnì tí ẹ ń fi Eddie gbá náà lẹ máa gbá.

Ọ̀rọ̀ Jin ni mi ò ní jiyàn lé lórí. Wọ́n gba ìjà ìdílé Mishima lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fún un ní kàráté, wọ́n sì fún un jù. Ọwọ́ mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní Laser Scraper. Ẹni tó bá mọ àsìkò tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ gan-an máa ń gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú ewu díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ìjà kan sì wà tí kì í tán: wọ́n á há èèyàn mọ́lẹ̀, wọ́n á máa tún ọwọ́ kan náà lù títí ẹ̀jẹ̀ á fi gbẹ. Àṣìṣe àwọn tó ṣe é ni, kò sì sí àtúnṣe tó lè dé bá sídì. Àdéhùn ló kù. Níbi tí wọ́n bá ti ń jà dáadáa, ẹ fi òfin lélẹ̀ kí pádì tó kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni: ráúǹdì mẹ́ta ni wọ́n fi ń borí, ẹni tó pàdánù ló lè yí ẹni tó mú padà, ẹni tó borí kò gbọ́dọ̀ yí, ọwọ́ kan náà lára ògiri kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ, ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ á jọ̀wọ́ ráúǹdì náà. Pẹ̀lú èyí, Jin á ṣì lágbára, ṣùgbọ́n á ṣeé jà.

Èyí tó wù mí jù lọ tún ni ohun tí kò sí nínú ẹ̀. Tekken 6 ló mú Rage wá, tó ń fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ tán lágbára. Tekken 7 fi Rage Art kún un, Tekken 8 fi Heat kún un ní 2024. Wọ́n dùn ún wò, mi ò kọ̀. Nínú Tekken 4, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ tán kò rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà, àyàfi ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó dúró sí.

Ó kù ẹ̀rọ. PS2 tókunbọ̀ ṣì wà ní Alaba àti Computer Village ní Ikeja, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá kọ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni, iná ilé wa tó jẹ́ 230V máa jó agbára inú rẹ̀ ní kíá. Ó nílò ẹ̀rọ tó ń dín iná kù. Tí ẹ bá ń lo jẹnẹ́rétọ̀ kékeré, ẹ fi sítébíláísà sáàárín, torí iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló ń pa ẹ̀rọ wọ̀nyí ju ọjọ́ orí lọ. Sídì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Yúróòpù, àfi tí wọ́n bá ti fi chip tó ń tú ìdè náà sí i. Sídì Amẹ́ríkà ni mo fara mọ́ fún àwòrán 60 yẹn. Ètò PAL, ìyẹn ti Yúróòpù, lè jẹ́ 50, ọwọ́ tí ẹ ti fi 60 kọ́ kò sì ní bá a mu, nítorí náà tí wọ́n bá fún yín láyè láti yan 60Hz, ẹ yàn án.

Tẹlifíṣọ̀n ló ń ba ìjà jẹ́ jù, àwọn èèyàn kì í sì fura. Èyí tó nídìí gbọ̀ngbọ̀n ń fi àwòrán hàn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ máa kọ́kọ́ ṣètò àwòrán PS2 kó tó gbé e jáde, ìdádúró náà kò pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti ba Electric Kazuya yẹn jẹ́. Ẹ tan Game Mode, kí ẹ sì fi wáyà component rọ́pò wáyà pupa, funfun, yẹ́lò. Ẹ fi Kazuya dán an wò: 10 lórí èyí, 10 lórí tọ̀hún, ẹ ó rí ìyàtọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti pádì, ọ̀pọ̀ lára àwọn ayédèrú tó ń bẹ lọ́jà kì í ka igun dáadáa. Ẹ tẹ ìsàlẹ̀, ẹ yí i lọ sí iwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo ènìyàn inú géèmù. Tó bá ti dìde láti ìkúnlẹ̀ tààrà sí ìrìn láìlọ́ra, pádì náà fo igun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Tí pádì tó dára bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, rọ́bà abẹ́ bọ́tìnì ló ti gbó tàbí ìdọ̀tí ló wà lórí pépà tó ń gbé iná. Ẹ tú skúrù ẹ̀yìn, ẹ fi òwú tó ní spírítì díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dè é padà. Sídì náà, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á: ìlà tó ti àárín lọ sétí kò burú púpọ̀, ìlà tó yípo bíi òrùka ni kẹ́ ẹ sá fún, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń tọ̀ láti kà á ni ìyẹn gbà.