Ṣọ́ọ̀bù tó bá mi di ìwé Leslie Stephen l'Ádó-Èkìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti lè bá yín tẹ ìwé látinú PDF l'Ádó-Èkìtì, kí wọ́n sì dì í kó dúró dáadáa, mo ti rí ibì kan o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì méjì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà kan, sóláà ló ń gbé gbogbo ẹ̀ torí iná ìjọba ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí torí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí màá sọ bó ṣe rí gan-an, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀ kó wá sí inbox mi.

Ìwé tí mo gbé lọ ni The Playground of Europe tí Leslie Stephen kọ jáde ní 1871, ọ̀rọ̀ nípa àwọn òkè Alps ní Yúróòpù tó gùn ni. Ó ti pẹ́ débi pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo wá fi ojú ìwé 6 tí mo kọ fúnra mi sí iwájú ẹ̀, ìtàn ayé ọkùnrin náà, torí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ mọ Virginia Woolf, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dáadáa ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé bàbá tó bí i nìyí. Èmi náà ní tèmi níbẹ̀: ìsàlẹ̀ Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, bí mo bá jí láàárọ̀ àpáta yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rí, kò sí ìwé tó sọ̀rọ̀ òkè tí mi ò ní fẹ́ kà.

Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń wo bí ojú ìwé ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ bóyá íǹkì ń ràn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi, ló bá dúró. Ó ní, "Àǹtí, ẹni yìí, ṣé pásítọ̀ ni àbí ẹni tó ń gun òkè?" Mo ní pásítọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ sà. Wọ́n bí i ní London ní 1832, ara ẹ̀ ò le nígbà tó wà lọ́mọdé, ó kàwé dé Cambridge, ó di olùkọ́ ní Trinity Hall, ọ̀kan lára àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà pátápátá ní 1859. Àmọ́ bó ṣe ń kàwé sí i ni ìgbàgbọ́ yẹn ń yẹ̀ lọ́kàn ẹ̀, nígbà tó di 1862 ó ní òun ò lè máa darí ìsìn tí òun ò gbà gbọ́ mọ́, ó sì fipò tó wà sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yìí, díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn o, wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Á ti dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ibi tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni ibi tí mo kọ pé ó fẹsẹ̀ rìn láti Cambridge dé London, máìlì 50, ní wákàtí 12, torí oúnjẹ alẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè. Adó sí Àkúrẹ́ ò tó bẹ́ẹ̀ rárá! Mo sọ fún wọn pé ó tún lọ Amẹ́ríkà ní 1863 nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó rí Lincoln, ẹ̀yìn àwọn ará àríwá ló wà nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́lá ìlú ẹ̀ ń ti àwọn ará gúúsù tó ń lo ẹrú lẹ́yìn.

Ọmọ iṣẹ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, lòun náà ń kà á bó ṣe ń ká bébà. Ó débi tí mo kọ pé Minny ìyàwó ẹ̀ kú ní November 28, 1875, ó wo òkè bébà, ó tún wò mí. "Àǹtí, ọjọ́ ìbí ọkùnrin yẹn gan-an lẹ kọ síbí." Bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 43. Ó gbé bébà yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Wàyí o, wàhálà tó ṣẹlẹ̀. Mo sanwó, ₦21,500, èèpo líle pẹ̀lú lẹ́tà wúrà lára, mo gbé e lọlé tayọ̀tayọ̀. Mo ń ka ibi tó ti ń gun Schreckhorn ní August 1861, òkè tó ga ní mítà 4,078, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dé orí ẹ̀ rí, a ti ń sún mọ́ òkè téńté, bí mo ṣe ṣí ojú ìwé báyìí, orí míì ló jáde! Odidi ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ti lọ bọ́ sẹ́yìn ìwé. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo gbé e padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá ní kí n máa bínú, wọ́n ní àwọn ò yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn tó dì í, àbùkù ńlá nìyẹn fún ẹni tó ń ta ìwé dídì, ó yẹ kí wọ́n máa ṣe é láìjẹ́ pé oníbàárà bínú.

Ọmọ yẹn ló jókòó tì í. Ó fi abẹ rọra gé gọ́ọ̀mù etí ìwé, ó tú òwú, ó ka ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an padà, ó fi búlọ́ọ̀kù méjì tí wọ́n fi bébà wé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Ó tó wákàtí mẹ́ta, wọn ò gba kọ́bọ̀ lé e. Rírán kejì yìí tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ lè ṣí ìwé yẹn pẹrẹsẹ lórí tábìlì kó má já.

Bí mo ṣe ń dúró dè é ni mo ń ronú ohun tí Stephen kọ nípa àwọn tó ń ṣamọ̀nà ẹ̀. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun òkè láti 1865 sí 1868 nìyí o, ó ní bí òun bá máa sòótọ́ nípa gbogbo òkè tí òun gùn, ohun tó yẹ kí òun sọ ni pé Michel tàbí Anderegg tàbí Lauener ló ṣe iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n, agbára àti ìgboyà, iṣẹ́ ọ̀hún sì tún wá le sí i torí ó gbọ́dọ̀ gbé àpò ẹ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ dání. Ó dárúkọ wọn! Ọ̀pọ̀ wa ò lè dárúkọ ẹni tó rán ìwé tó wà lọ́wọ́ wa. Ìwà yẹn náà ló gbé dé ìdí ìwé ìtàn ayé àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (Dictionary of National Biography) tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àkóso ẹ̀ ní 1882, apá kìíní jáde ní 1885, òun nìkan kọ ìtàn èèyàn 378 síbẹ̀, àárẹ̀ ló jẹ́ kó fi lé Sidney Lee lọ́wọ́ ní 1891, ó sì di apá 63 nígbà tó fi máa di 1900.

Mo bi ọmọ náà bóyá mo lè kọ orúkọ ẹ̀ sí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Ojú tì í, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun. Ọ̀gá ní kò burú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú bírò, òun ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ pa ìwé náà dé.

Owó wọn ò pọ̀ jù, bébà wọn dáa, lẹ́tà wúrà yẹn tẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì, ẹni tí kò bá wò ó dáadáa ò ní rí i. Mo ti san owó ẹ̀dà méjì sí i fún láíbìrì ilé ìwé wa, ọjọ́ Ẹtì ni mo máa lọ gbà á, ojú ìwé sójú ìwé ni màá kà á kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.